Eyín Tó Ń Jẹ Ara Rẹ̀ Láti Inú: Bí Wọ́n Ṣe Ń Dí Ihò Gbòǹgbò Rẹ̀, àti Bí A Ṣe Lè Sọ Ọ́ ní Yorùbá

Ẹni tó bá rí àkọlé yìí lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ eyín. Ó kàn wá dáadáa. Kí dókítà tó fi irin kan eyín ẹnikẹ́ni, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ onítọ̀hún, ọ̀rọ̀ ẹnu ló sì fi ń gbà á. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yé aláìsàn, tó kàn ń mi orí nítorí pé ojú ń tì í láti ní kí wọ́n tún un sọ, a ò lè pe ìyẹn ní àdéhùn.

Òfin pàápàá ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní 2014, sọ ní abala 23 pé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ sọ fún un bí ara rẹ̀ ṣe rí, àwọn ọ̀nà ìtọ́jú tó wà, àǹfààní àti ewu wọn, iye tí yóò ná an, àti pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú. Ó fi kún un pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí a sọ ọ́ ní èdè tó yé aláìsàn, kí a sì wo bí ó ṣe mọ̀wé tó. Ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, Yorùbá ni èdè náà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìlú méjèèjì yìí ba ọ̀rọ̀ wa mu gan-an. Nǹkan bíi 50 kìlómítà ló wà láàárín wọn. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ sí ìlú Oǹdó, tí gbogbo wa mọ̀ sí UNIMED, ń kọ́ àwọn tí yóò di dókítà eyín, ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ sì ní ẹ̀ka ní Oǹdó àti ní Àkúrẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn fi ń kàwé, òun ni wọ́n fi ń ṣèdánwò. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba, tàbí bàbá tó ń sá kòkó ní ìgbèríko Oǹdó, ni yóò wá jókòó sórí àga wọn. Ta ni yóò bá wọn wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi bá a sọ̀rọ̀? Iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Mo mú àìsàn eyín kan ṣoṣo nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a ń lò lójoojúmọ́ fún àìsàn eyín kò bá a mu rárá. N ó kọ́kọ́ ṣàlàyé àìsàn náà, lẹ́yìn náà bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ní pàtàkì bí wọ́n ṣe ń dí ihò rẹ̀, kí a tó wá wo bí a ṣe lè sọ ọ́ fún aláìsàn.

Ohun tó wà nínú eyín

Bí a bá la eyín kan sí méjì, a ó rí i pé ìpele ìpele ni. Èèpo òde funfun, ó sì le ju egungun lọ. Abẹ́ èèpo yìí ni ara eyín gan-an wà, òun ló sì pọ̀ jù nínú eyín. Àárín gbùngbùn ni ihò kan wà, tí ẹran rírọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó ń jẹ́ kí a mọ ìrora kún inú rẹ̀.

Ẹran rírọ̀ yìí ni mo ń pè ní mùdùnmúdùn eyín. Gbogbo wa la mọ mùdùnmúdùn egungun. Ohun rírọ̀ tó wà láàyè nínú ohun líle ni. Wọn kì í ṣe ohun kan náà nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣe wà nínú egungun ni èkejì ṣe wà nínú eyín, nítorí náà ẹni tó bá ti jẹ ẹran rí yóò lóye rẹ̀ kíákíá.

Ihò tí mùdùnmúdùn wà nínú rẹ̀ fẹ̀ lápá orí eyín, ó sì ń tín-ín-rín bó ṣe ń wọ inú gbòǹgbò lọ, títí yóò fi dé ojú ihò bíńtín kan ní ṣóńṣó gbòǹgbò. Ojú ihò bíńtín yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé láti inú egungun àgbọ̀n. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ìtọ́jú yìí dúró lé.

Àìsàn tí kì í ṣe ti kòkòrò

Bí eyín bá ti ń dun ènìyàn, ohun tí a máa ń sọ ni pé kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí òtítọ́ fún eyín tó ń kẹ̀ lásán. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ń jẹ ṣúgà tó kù lẹ́nu wa, wọ́n sì ń sọ ọ́ di omi kíkan tó ń yọ́ eyín díẹ̀díẹ̀. Òde ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ wọlé.

Àìsàn tí mò ń sọ yàtọ̀. Ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń jẹ eyín náà. Nínú ara wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tú ohun líle palẹ̀. Iṣẹ́ rere ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Àwọn ló ń jẹ gbòǹgbò eyín ọmọdé títí eyín náà yóò fi máa mì, tí yóò jábọ́, tí eyín àgbà yóò sì rí àyè jáde. Nínú eyín àgbà, ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lára ògiri ihò inú tí kì í jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí rí ibi dì mú. Bí ìbòrí náà bá bàjẹ́, tí mùdùnmúdùn sì ń wú tàbí tó ń gbóná, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti inú lọ sí òde.

Kí ló ń ba ìbòrí náà jẹ́? Ọ̀kan ni kí nǹkan gbá eyín: ìṣubú lórí ọ̀kadà, ìgbọ̀nwọ́ nínú eré bọ́ọ̀lù, ìjà. Òmíràn ni kí eyín kẹ̀ títí kó fi sún mọ́ mùdùnmúdùn, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó mú kí àìsàn náà léwu ni pé kì í sábà dun ènìyàn. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn lè ti gbàgbé pé òun ṣubú rí, kí eyín rẹ̀ sì máa ṣófo nínú.

Nígbà mìíràn, àmì kan máa ń hàn: eyín á pọ́n díẹ̀ bíi píǹkì ní ojú kan, nítorí pé ẹran tó kún fún ẹ̀jẹ̀ ti sún mọ́ èèpo òde débi pé àwọ̀ rẹ̀ ń yọ. Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Thomas Bell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ nípa rẹ̀ ní 1830, J. H. Mummery sì kọ nípa àmì píǹkì yìí ní 1920.

Àwọn Yorùbá ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà. Òwe náà bá ọ̀rọ̀ yìí mu, àfi pé kò sí kòkòrò kankan níbí. Pákò tó dára jù lọ kò lè dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọṣẹ ìfọyín kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Orúkọ wo ni ká pè é?

Bí a bá pè é ní jíjẹrà, a ti ṣì í pè. Ohun tó jẹrà máa ń rùn, ó máa ń rọ̀, a sì ń ro pé ìdọ̀tí ló fà á. Aláìsàn tó bá gbọ́ pé eyín òun ti jẹrà yóò rò pé wọ́n ń bú òun pé òun kì í fọ ẹnu. Bí a bá ní kòkòrò jẹ ẹ́, yóò lọ ra oògùn kòkòrò, yóò sì máa dúró dè é kó ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ wa ṣe. Nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún àwọn ìró nínú Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984, wọn kò yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún gbogbo rẹ̀. Bí a ṣe ń pe ìró ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ wo /f/, tí a ń pè ní ìró àfèyínfètèpè: à-fi-eyín-fi-ètè-pè. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà ti mọ ohun tí ẹnu ń ṣe. Ọ̀nà kan náà ni a fi ṣẹ̀dá àtọ̀húnrìnwá láti ara gbólóhùn tó sọ ibi tí ẹnì kan ti rìn wá.

Nítorí náà mo dá a lábàá pé kí a máa pe àìsàn yìí ní àjẹtinúwá: à-jẹ-ti-inú-wá, ohun tó jẹ eyín láti inú bọ̀ wá sí òde. Ìrànlọ́wọ́ mìíràn wà nínú orúkọ yìí. Àìsàn kan tún wà tó jọ ọ́, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan náà ń bẹ̀rẹ̀ láti ara òde gbòǹgbò. Ìyẹn á di àjẹtòdewá. Ìtọ́jú wọn kò dọ́gba, ó sì dára bí orúkọ wọn bá fi ìyàtọ̀ náà hàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè bóyá ẹ̀ka-èdè kò ní da èyí rú. Nínú ìpínsísọ̀rí tí Abíọ́dún Adétugbọ́ ṣe ní 1967, ẹ̀ka-èdè Oǹdó wà lábẹ́ Yorùbá gúúsù ìlà-oòrùn, nígbà tí àwọn Èkìtì wà lábẹ́ Yorùbá àárín gbùngbùn, ẹ̀ka-èdè Àkúrẹ́ sì súnmọ́ Èkìtì gan-an. Ibi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ní iṣu, uṣu ni ẹ óò gbọ́ lẹ́nu àgbà. Ṣùgbọ́n jẹ, inú àti wá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìdí nìyí tí mo fi sá fún ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù.

Bí dókítà ṣe ń dá a mọ̀

Àwòrán X-ray ló sábà máa ń tú àṣírí rẹ̀. Nínú àwòrán náà, ihò gbòǹgbò tó yẹ kó tín-ín-rín lọ geerege á wú ní ojú kan, yóò rí róbótó, etí rẹ̀ á sì dán.

Láti mọ̀ bóyá àjẹtinúwá ni tàbí àjẹtòdewá, dókítà á ya àwòrán kejì láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Bí ihò náà bá dúró sí àárín gbòǹgbò nínú àwòrán méjèèjì, inú ló ti wá. Bó bá ṣí kúrò ní àyè rẹ̀, òde ló wà. Ẹ ronú nípa ẹni tó dúró sínú yàrá àti ẹni tó dúró níwájú fèrèsé. Bí ẹ bá rìn gba ẹ̀gbẹ́ ilé náà kọjá, ẹni iwájú fèrèsé ni yóò dà bí ẹni tó ń kúrò lójú fèrèsé náà.

Ẹ̀rọ mìíràn tún wà, CBCT, tó ń ya àwòrán eyín yíká kí a lè rí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun ló dára jù láti fi mọ bí ihò náà ṣe tóbi tó, àti bóyá ó ti lu ògiri gbòǹgbò já.

Ìdí tí dídí rẹ̀ fi ṣòro

Ìtọ́jú náà rọrùn láti sọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ṣóńṣó gbòǹgbò wọlé ló ń bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eyín. Bí a bá yọ gbogbo mùdùnmúdùn kúrò, ebi á pa wọ́n, jíjẹ náà á sì dúró. Lẹ́yìn náà ni a ó dí ihò tó ṣófo kí ìdọ̀tí má baà padà wọlé.

Ìrísí ihò náà ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ihò gbòǹgbò tí kò ní àìsàn dà bí ọparun tó ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀. Irin tó tọ́ lè kan ògiri rẹ̀ yíká. Ihò tí àjẹtinúwá ti ṣe lọ́ṣẹ́ dà bí kèrègbè: ọrùn rẹ̀ há, ikùn rẹ̀ yọ síta. Bí ẹ bá ki igi kan bọ ọrùn kèrègbè, ẹ lè kan ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní kan ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi igi kún un, àlàfo ni yóò pọ̀ jù níbẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí àwọn dókítà ń dá lórí eyín yìí kò ju ọ̀nà méjì lọ: bí a ṣe lè fọ ikùn kèrègbè, àti bí a ṣe lè kún un.

Fífọ inú rẹ̀

Dókítà á kọ́kọ́ fún eyín ní abẹ́rẹ́ kó kú tipiri, á ta rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí eyín náà ká kí itọ́ má baà wọ inú rẹ̀, á sì lu ihò láti orí eyín. Bí mùdùnmúdùn bá ṣì wà láàyè, ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn gan-an. Kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Bí wọ́n bá ti yọ ẹran náà tán, ẹ̀jẹ̀ á dá.

Irin tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní fáìlì ni wọ́n fi ń há ihò gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n fáìlì kò lè dé gbogbo kọ̀rọ̀ ikùn kèrègbè, nítorí náà omi ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Omi náà ni sodium hypochlorite, ohun kan náà tó wà nínú omi tí a fi ń bó aṣọ funfun, ní ìwọ̀n tí dókítà yàn. Ó ń yọ́ ẹran tó kù. Wọ́n tún ń fi irin tó ń gbọ̀n kíákíá ru omi náà sókè kó lè dé ibi tí fáìlì kò dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi omi ìbóṣọ yọ ẹnu nílé nítorí ohun tí mo kọ yìí. Ó lè jó ẹran ẹnu. Nínú eyín pàápàá, dókítà ń ṣọ́ra kó má baà jáde kọjá gbòǹgbò.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà wọn kì í dí i lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n á fi calcium hydroxide sínú rẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ó ń pa àwọn ohun abẹ̀mí tó kù, ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó sì ń mú kí ẹran tó sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ rọrùn láti fọ̀ jáde nígbà tí aláìsàn bá padà wá. Ibí gan-an ni èdè ti ń ṣiṣẹ́. Aláìsàn tí kò mọ̀ pé ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ṣe lè má padà wá mọ́, níwọ̀n ìgbà tí nǹkan ò dùn ún.

Àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dí i

Ohun tí wọ́n sábà fi ń dí ihò gbòǹgbò ni gutta-percha. Oje igi ni, bíi ti rọ́bà tí wọ́n ń gbìn lápá gúúsù ìpínlẹ̀ wa, àmọ́ igi mìíràn ló ti ń wá, ní àgbègbè Malaysia àti Indonesia. Bí a bá gbé e ka iná, á rọ̀; bó bá tutù, á le. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òun ni wọ́n fi ń bo wáyà tẹligíráàfù tó gba abẹ́ òkun kọjá, G. A. Bowman sì ti fi dí ihò gbòǹgbò eyín ní Amẹ́ríkà ní 1867. Èyí tí wọ́n ń lò lónìí ti ní àdàlù: zinc oxide ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà ń kó o wọlé ló wá yàtọ̀ síra.

Ọ̀nà kìíní ni títẹ̀ ẹ́ ní tútù. Dókítà á ki ọ̀pá gutta-percha kan tó bá ihò mu bọ̀ ọ́, pẹ̀lú oògùn tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Á fi irin tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì ki àwọn kéékèèké mìíràn sí i títí àyè kò fi ní sí mọ́. Òun ni kò gba ohun èlò púpọ̀, ó sì dára fún ihò tó rí bí ọparun. Ṣùgbọ́n bí igi inú kèrègbè ló rí nínú eyín àjẹtinúwá: àwọn ọ̀pá náà á dúró láàárín, oògùn lásán tàbí òfìfo á sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ikùn.

Ọ̀nà kejì ni títẹ̀ ẹ́ ní gbígbóná láti òkè sísàlẹ̀, èyí tí Herbert Schilder ṣàlàyé ní 1967. Wọ́n á fi irin gbígbóná mú gutta-percha rọ̀ nínú gbòǹgbò, wọ́n á sì fi irin tútù tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa wọ inú kọ̀rọ̀, bí ẹ̀bà tí a fi ọwọ́ tẹ̀ sínú abọ́.

Ọ̀nà kẹta ni yíyìn ín. Ohun èlò kan tó rí bí ìbọn á mú gutta-percha gbóná ju 150 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius títí yóò fi rọ̀ bí oyin tó nípọn, abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ á sì yìn ín sínú ihò. Ó ń wọ ikùn kèrègbè dáadáa. Àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí eyín tí a ti yọ, tí wọ́n gbẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀ sí nínú, fi hàn pé àwọn ọ̀nà tó ń lo gutta-percha rírọ̀ ń kún ihò náà ju títẹ̀ ẹ́ ní tútù lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tó ń ṣàn kò mọ ibi tó yẹ kó dúró; ó lè gba ṣóńṣó gbòǹgbò jáde.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ dókítà a máa pa ọ̀nà pọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀pá gutta-percha dí apá ìsàlẹ̀ gbòǹgbò, níbi tó ṣì tín-ín-rín, bí ẹni dé ìdí ìgò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yin èyí tó rọ̀ sínú ikùn, wọ́n á sì máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń tutù kó má baà sún kì. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí ló rọrùn jù láti ṣàlàyé fún aláìsàn, nítorí pé gbogbo ẹni tó ti rọ epo sínú kèrègbè rí mọ̀ pé a kì í rọ epo sínú èyí tí ìdí rẹ̀ ń jò.

Bí ògiri bá ti lu

Gbogbo ohun tí mo ti sọ dúró lórí pé ògiri gbòǹgbò ṣì wà lódindi. Bí àjẹtinúwá bá ti jẹ ẹ́ já sí òde, gutta-percha gbígbóná á gba ojú ihò náà jáde sínú egungun. Sìmẹ́ńtì eyín ló yẹ níbẹ̀.

MTA ni wọ́n ń pe èyí tó lókìkí jù. Ilé ẹ̀kọ́ Loma Linda ní Amẹ́ríkà ni Mahmoud Torabinejad àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti gbé e jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ìbátan sìmẹ́ńtì ìkọ́lé ni, èyí tí wọ́n ti yọ́ mọ́, tí wọ́n sì fi bismuth oxide sí kó lè hàn nínú X-ray. Bí sìmẹ́ńtì ṣe nílò omi kó tó le, bẹ́ẹ̀ ni òun náà. Ọ̀rinrin tó máa ń ba àwọn oògùn ìdíyín mìíràn jẹ́ kò pa á lára. Ara sì ń gbà á, débi pé egungun lè padà hù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń pẹ́ kó tó le, bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, àti pé ó lè mú kí eyín iwájú dúdú. Èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, Biodentine, ń le ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìlá. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: sìmẹ́ńtì tí a fi ń kọ́lé kò ní nǹkan ṣe lẹ́nu ènìyàn.

Nígbà mìíràn, iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà kí wọ́n lè dí ihò náà láti òde. Bí ògiri gbòǹgbò bá sì ti fẹ́lẹ́ jù, tí eyín lè ṣẹ́ nígbàkigbà, yíyọ ni òpin rẹ̀, kí wọ́n wá ronú nípa eyín àtọwọ́dá. Ìdí nìyẹn tí àsìkò fi ṣe pàtàkì: eyín kan náà tí wọ́n ìbá dí ní ìrọ̀rùn lónìí lè di yíyọ lọ́dún méjì sí i.

Bí a ṣe lè sọ ọ́

Àpẹẹrẹ tí mo kọ rèé. Dókítà ọ̀dọ́ kan ń bá ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún sọ̀rọ̀.

— Ẹ kú ìjókòó, mà. Mo ti wo àwòrán eyín yín. Kì í ṣe kòkòrò ló jẹ ẹ́, kì í sì í ṣe pé ẹ kì í fọ ẹnu. Ṣé nǹkan gbá yín lẹ́nu rí, mà?

— Ọ̀kadà gbé mi ṣubú, ó tó ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n eyín náà ò dùn mí o, dókítà.

— Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, mà. Láti ìgbà yẹn ni inú rẹ̀ ti ń ṣófo díẹ̀díẹ̀, bí inú kèrègbè. Bí a bá fi sílẹ̀, ó lè lu jáde, tàbí kó ṣẹ́.

— Ṣé ẹ ò kúkú ní yọ ọ́, ọmọ mi, kí n máa lọ sọ́jà?

— A lè yọ ọ́, mà, bó bá wù yín bẹ́ẹ̀. Àyè rẹ̀ á ṣófo níwájú, àfi bí ẹ bá ra àtọwọ́dá. Ọ̀nà kejì ni pé ká yọ ẹran inú rẹ̀, ká fọ̀ ọ́, ká sì dí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ó wá. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, iṣẹ́ ò tíì parí o, bí ò bá tiẹ̀ dùn yín. A ó tún máa ya àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà àti lẹ́yìn ọdún kan. Mi ò lè búra pé kò ní ṣẹ́ láéláé, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ ṣì nípọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ná yín, kí ẹ wá sọ èyí tí ẹ fẹ́.

— Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ iye rẹ̀ ná.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀rọ̀ ìperí kankan nínú ìjíròrò yìí, àjẹtinúwá pàápàá kò sí níbẹ̀. Ìperí wà fún dókítà, nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ń kọ ìwé ìléwọ́, kí gbogbo wọn lè máa sọ ohun kan náà. Àlàyé ló wà fún aláìsàn. Dókítà yìí mú ẹ̀bi kúrò lórí ìyá náà, ó sọ ìdí tí kò fi dùn ún, ó to ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ewu wọn, ó sì fi ìpinnu sílẹ̀ fún ẹni tó ni eyín. Ohun tí abala 23 ń béèrè kò ju èyí lọ.

Eyín iwájú sì ni àìsàn yìí sábà máa ń bá jà, nítorí pé àwọn ni ìṣubú máa ń bá. Ẹni tí eyín iwájú òkè rẹ̀ bá lọ, ìró /f/ lè ṣòro fún un láti pè bó ṣe yẹ. Tiwa náà ti wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún nìyẹn.

Àwọn ìperí tí mo lò

Mùdùnmúdùn eyín: ẹran rírọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó wà nínú eyín.
Ihò gbòǹgbò: ọ̀nà tí mùdùnmúdùn gbà wọ inú gbòǹgbò títí dé ṣóńṣó.
Àjẹtinúwá: jíjẹ tí ara ń jẹ eyín láti inú ihò rẹ̀ bọ̀ sí òde.
Àjẹtòdewá: jíjẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti ara òde gbòǹgbò.
Ìtẹ̀-tútù, ìtẹ̀-gbígbóná, ìyìn-sínú: ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń kó gutta-percha wọlé.
Sìmẹ́ńtì eyín: ohun tí a fi ń dí ojú tó ti lu.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ṣé àjẹtinúwá yé àwọn àgbà ilé yín láìsí àlàyé? Ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n rò pé ó túmọ̀ sí.
2. Kí ni wọ́n ń pe eyín iwájú, eyín ẹ̀yìn àti ẹran ìdí eyín nínú ẹ̀ka-èdè tiyín?
3. Ẹ mú àìsàn mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá ń ṣi aláìsàn lọ́nà, kí ẹ dá orúkọ tuntun lábàá.

Ẹ fi ìdáhùn yín ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn wa. Èyí tó bá wá láti ẹnu àgbà ni n ó kọ́kọ́ kà.